Ẹ̀yìn Ni Wọ́n Ń Jù Ú

Áyọ́ọ̀nù kì í purọ́. Èèyàn lè fi àtíkè bo ojú, ó lè fi ẹ̀rín bo inú, ṣùgbọ́n bí nǹkan bá wà nínú aṣọ, áyọ́ọ̀nù á kọsẹ̀ lára rẹ̀. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni. Mo dúró ti tábìlì ìlọṣọ, ìdí mi tó fẹ̀ ju tábìlì náà lọ ń jó sí orin inú rédíò, nígbà tí áyọ́ọ̀nù dé ìṣẹ́tí jẹ́sì nọ́ḿbà kọkànlá tó sì fò kọ́ṣọ́.

Mo tún un tẹ̀. Ó tún fò. Mo fọwọ́ kan abẹ́ rẹ̀. Áyọ́ọ̀nù tó ń yọ èéfín lẹ́ẹ̀kan ti tutù bí imú ajá.

Ó yẹ kí n ti mọ̀. Láti àárọ̀ ni alángbá kan ti ń rìn lára ògiri yàrá ìfọṣọ mi, ẹ̀yìn-ẹ̀yìn ló ń rìn, ìrù ṣíwájú, orí ń tẹ̀lé e. Mo rí i, mo sì bá a wí: "Ìwọ náà ti darúgbó nìyẹn, o ò mọ ibi tí ò ń lọ mọ́." Àwàdà ni mo fi ṣe. Àgbà tí kò bá fi àwàdà bo ẹ̀rù, ẹ̀rù á bò ó mọ́lẹ̀.

Kí n tó máa lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Èmi ni mò ń fọ aṣọ fún ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin tó ń gbá rọ́gìbì ẹlẹ́ni-méje nílùú wa: eré bọ́ọ̀lù gígùn bí ẹyin, tí wọ́n ń gbé sáré, tí wọ́n sì ń wọ́ ara wọn lulẹ̀ bí orogún tó pàdé lẹ́bàá kànga. Ọmọ ọmọ mi, tí gbogbo ayé ń pè ní Ẹfúùfù nítorí eré ẹsẹ̀ rẹ̀, ló ni nọ́ḿbà kọkànlá. Sátidé àti Sọ́ńdè yẹn ni ìdíje gbogbo agbègbè, ẹgbẹ́ mẹ́jọ. Àwọn tó ń ṣa èèyàn sínú ẹgbẹ́ agbègbè á wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, àyè kan ṣoṣo ló sì ṣẹ́ kù, àyè ẹni tó ń sá etí pápá. Ìyá rẹ̀, ọmọ tí mo bí, nọ́ọ̀sì ni. Ó ti là á mọ́lẹ̀: "Orúnkún tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún lẹ́ẹ̀kan kì í ṣe ohun ìṣeré. Bí wọn ò bá mú ọ lọ́tẹ̀ yìí, wàá gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀." Ọmọ náà gbà. Mo gbọ́ nígbà tó ń gbà. Ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tí wọ́n ní kó bọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Mo fi abẹ tú ìṣẹ́tí náà. Ìdì dúdú kan bọ́ sí mi lọ́wọ́, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, òwú pupa yí i ká. Ohun gbígbẹ kan wà nínú rẹ̀ tí mi ò ní dárúkọ. Eegun tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀, bíi ti ẹsẹ̀ adìẹ. Aṣọ funfun kékeré kan sì wé mọ́ ọn. Mo gbé aṣọ náà sí imú: òróró tí mo fi ń wọ́ orúnkún Ẹfúùfù láràárọ̀ ni mo gbọ́. Báńdéèjì rẹ̀ ni.

Mo wo ojú rírán náà. Kókó òwú rẹ̀ wà lápá òsì. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó ń fi ọwọ́ òsì rán aṣọ, ogún ọdún sì rèé tí èmi àti ẹ̀ ti ń jókòó lórí àga kan náà.

Rédíò kú fúnra rẹ̀.

*

Apá yìí, mi ò sí níbẹ̀. Ẹnu Aránṣọ, obìnrin ọlọ́wọ́ òsì yẹn, ni mo ti gbọ́ ọ, nígbà tó ti tán tí kò sí ohun tó tún lè fi pamọ́.

Ìsọ̀ rẹ̀ dojú kọ yàrá ìfọṣọ mi. Ó ń rán an, mò ń fọ̀ ọ́. Bí aṣọ bá ya, mo jù ú sí i, bó bá dọ̀tí, ó jù ú sí mi. Òun ló rán jẹ́sì ẹgbẹ́ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ọmọ rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Òkúta, àti Ẹfúùfù jọ dàgbà lábẹ́ tábìlì ìránṣọ rẹ̀ ni, wọ́n jọ ń ṣa bọ́tìnì jẹ bí ewúrẹ́. Nígbà tó yá, Òkúta lọ ń gbá a fún ìlú òdìkejì odò. Etí pápá ni òun náà ń sá. Àyè kan ṣoṣo, ọmọ méjì.

Aránṣọ gun àtẹ̀gùn lọ sí yàrá kan lókè ìsọ̀ àwọn tó ń lẹ táyà. Ìgò ló wà lórí àtẹ̀gùn náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè, gbogbo wọn kún fún omi, kò sì sí omi méjì tó jọra. Bàbá Onígò jókòó sáàárín wọn, ó fi aṣọ nu ọ̀kan bí ẹni ń nu imú ọmọ.

"Eré wo ni?"

"Bọ́ọ̀lù ni, Bàbá."

Bàbá Onígò mi orí. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ò ṣàjèjì sí i. Àwòrán àwọn agbábọ́ọ̀lù ló kún ògiri rẹ̀. "Bọ́ọ̀lù tó bá ti dé ẹsẹ̀ wọn…"

"Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbá a, Bàbá."

Ó gbójú sókè. "Ọwọ́? Ta ní ń fọwọ́ gbá bọ́ọ̀lù?"

"Àwọn obìnrin ni."

"Áà." Ó ronú díẹ̀. "Bí obìnrin bá ti wà níbẹ̀, kò sí ohun tí ò lè ṣẹlẹ̀."

Kò béèrè mọ́. Ojú ń tì í láti béèrè. Ojú ń ti Aránṣọ náà láti jẹ́wọ́ pé òun ò wòran eré ọmọ òun rí, nítorí Sátidé niṣẹ́ máa ń pọ̀ jù ní ìsọ̀. Báyìí ni àgbà méjì ṣe fi ìtìjú bo ojú kànga tí wọ́n sì gba orí rẹ̀ kọjá.

Bàbá gba àgékù báńdéèjì tó já lára Ẹfúùfù nígbà tó ń wọ jẹ́sì wò. Ó sún ẹnu mọ́ ọn, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń rán oorun:

"Adìẹ kì í talẹ̀ síwájú.
Ìrù kì í ṣíwájú ẹran wọlé.
Ìpàkọ́ ò mọ̀nà iwájú.
Bọ́ọ̀lù tó bá dọ́wọ́ wọn, ẹ̀yìn ni, ẹ̀yìn ni, ẹ̀yìn ni."

Omi inú gbogbo ìgò mì lẹ́ẹ̀kan náà.

"Rán an mọ́ ìṣẹ́tí," ni Bàbá wí. "Ṣùgbọ́n gbọ́ o. Bó bá ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán, kò ní sùn síta. Ọwọ́ tó rán an mọ́ aṣọ gbẹ̀yìn ló máa padà sí."

"Kí ló máa wá ṣe fún un?"

Bàbá Onígò fi ìdérí dé ìgò kan, ó sì rẹ́rìn-ín.

*

Èmi ò lọ bá Aránṣọ jà. Ẹni tó bá pariwo lé ejò nínú ilé, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ni ejò máa sá wọ̀. Mo jókòó sórí bókẹ́ẹ̀tì tí mo dojú rẹ̀ délẹ̀, bókẹ́ẹ̀tì ké, mo ní kó dákẹ́. Mò ń wo eegun adìẹ yẹn. Ìyá tó bí mi mọ ewé, ó sì mọ ọ̀rọ̀ tó ń ta ewé jí, ó sì fi díẹ̀ kọ́ mi kó tó lọ. Eegun ẹsẹ̀ adìẹ: mo mọ ibi tí adìẹ ń ta ilẹ̀ sí. Ẹ̀yìn. Wọ́n fẹ́ dá ọmọ mi padà sẹ́yìn.

"Ó dáa," mo sọ fún ìdì náà. "Ìwọ ní ẹ̀yìn, èmi ní iwájú. Ká wo ẹni tí ìdí rẹ̀ tóbi jù."

Mo fi ìdì náà sínú agolo bọ́tìnì, mo gbé òkúta lé e. Ní ìdájí ọjọ́ Ẹtì mo pọn omi tí oòrùn ò tíì rí. Ohun mẹ́ta ni mo fi sínú rẹ̀. Ìkẹta ń mí. Mo ri gbogbo jẹ́sì méjèèjìlá sínú omi náà, mò ń fọ̀ wọ́n, mò ń sọ ọ́:

"Imú ní í ṣíwájú ojú débi à ń lọ.
Ọmọ-ìka ẹsẹ̀ ní í ṣíwájú gìgísẹ̀.
Omi kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn.
Bọ́ọ̀lù tó bá dọ́wọ́ wọn, iwájú ni, iwájú ni, iwájú ni."

Fóòmù ọṣẹ dìde nínú ọpọ́n, gbogbo rẹ̀ wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

Ẹfúùfù wọlé. "Màmá Àgbà, kí ló ń rùn báyìí?"

"Ọṣẹ tuntun ni."

"Ọṣẹ tàbí òkú eku?"

"Ìwọ lọ jókòó. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlélógún bíi tìẹ, òórùn ara mi nìkan ni mo fi ń lé ọ̀tá."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì jókòó. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ wà lórí orúnkún, ó ń tẹ̀ ẹ́ wò, ó ń tẹ̀ ẹ́ wò, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn tó mọ̀ pé wọ́n lè má ṣí.

*

Àṣírí mi kan rèé o. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń bá wọn lọ sí pápá, mi ò tíì wo eré kan tán. Ojú mi ni orúnkún yẹn ṣe já. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti fọn fèrè àkọ́kọ́, ìborùn mi ni mo máa ń fà bo ojú, màá sì máa fi etí wòran. Àwọn ọmọ náà rò pé àdúrà ni mò ń gbà.

Sátidé, mo jókòó sí etí pápá láàárín táwẹ́ẹ̀lì àti bókẹ́ẹ̀tì. Mo bo ojú. Fèrè dún. Ẹsẹ̀ ń dún lórí koríko. Fèrè tún dún.

"Iwájú!" ni kóòṣì wa kígbe. "Iwájú ló lọ!"

Inú mi dùn. Mo fi ìgbòǹwọ́ gún ara mi nínú ìborùn. Fèrè tún dún. "Iwájú! Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí ló dé? Iwájú!" Mò ń mi orí, mò ń sọ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, iwájú ni." Ìṣẹ́jú méje àkọ́kọ́, fèrè mẹ́sàn-án. Ìṣẹ́jú méje kejì, mi ò kà á mọ́. Nígbà tí mo ṣíjú, àwọn ọmọ mi ló ń wo ilẹ̀. Wọ́n ti nà wọ́n bí ẹní.

Oògùn ọ̀hún le ju tèmi lọ, mo rò. Ẹ rántí pé àgbà ni mí. Ohun tí kò bá ṣiṣẹ́, àgbà a tún un ṣe ní ìlọ́po méjì. Mo yọ ìgò kan tí mo bu omi ìfọṣọ ọjọ́ Ẹtì tó kù sí lábẹ́ aṣọ mi, mo wọ́n ọn sí gbogbo táwẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ń nu ọwọ́.

Eré kejì, bọ́ọ̀lù ń fò kúrò lọ́wọ́ wọn bí ẹyẹ. Mo gbọ́ ọ̀kan nínú wọn tó ń sunkún láàárín eré: "Ọwọ́ mi kọ́! Mi ò jù ú síbẹ̀! Òun ló lọ!" Ẹgbẹ́ tí wọ́n bá pàdé ò mọ ju kí wọ́n máa ṣubú lọ, òun ló jẹ́ kí tiwa fi ìdí wọ́lẹ̀ wọ inú ẹgbẹ́ mẹ́rin tó máa gbá ti Sọ́ńdè. Ṣùgbọ́n kó tó parí, mo gbọ́ bí ara ṣe dún lulẹ̀, pápá sì dákẹ́. Mo mọ irú ìdákẹ́ yẹn. Mo ya ìborùn kúrò lójú.

Ẹfúùfù dìde. Ó tiro dé ọ̀dọ̀ mi.

*

Ìjókòó òkè ni Aránṣọ wà, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa ti ìsọ̀ rẹ̀ pa lọ́jọ́ Sátidé. Ó rí i tí wọ́n nà wá, inú rẹ̀ dùn. Ó rí i tí Ẹfúùfù ń tiro, inú rẹ̀ sì dàrú; ọmọ tó ti fún lóúnjẹ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀ ni.

Òkúta wá jókòó tì í, ó ń mu omi. Aránṣọ bi í léèrè bí ẹni tí ò fẹ́ mọ̀. "Kí ni rẹfirí yẹn ń fọn fèrè sí lójoojúmọ́ ayé fún?"

"Iwájú ni wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù sí."

"Ṣé kò yẹ kí wọ́n jù ú síwájú ni?"

Òkúta bú sẹ́rìn-ín, omi tú sí i láyà. "Ìyá mi o! Èèwọ̀ ni. Ẹ̀yìn nìkan la máa ń jù ú sí. Ẹni tó bá ń sá bọ̀ lẹ́yìn rẹ lo máa jù ú fún. Òun ni gbogbo eré náà."

Aránṣọ ò gbọ́ ìyókù. Ẹ̀yìn ni òun rán. Ẹ̀yìn ló yẹ kó lọ. Kí ló wá ń tì í síwájú? Oògùn tó bá ti yíjú padà lọ́nà, ta ni ó ń bọ̀ wá bá? Ó wo ọwọ́ òsì rẹ̀. Ìka márààrún ti tẹ̀ sẹ́yìn, ó sì di ìgbà tó fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó padà.

*

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ẹfúùfù jókòó sórí òkìtì aṣọ ìdọ̀tí, omijé ń já bọ́ sórí ìbọ̀sẹ̀.

"Mo ti kú lójú àwọn tó ń ṣa èèyàn. Ọ̀la ni ọjọ́ ìkẹyìn tí màá wọ jẹ́sì yìí."

"Ṣebí kóòṣì yín ń pariwo iwájú, iwájú. Ẹ sì ń jù ú síwájú. Kí ló wá kù?"

Ó yí orí rẹ̀ sí mi díẹ̀díẹ̀. "Màmá Àgbà. Ọdún mẹ́ta lẹ ti ń fọ jẹ́sì wa."

"Mo mọ̀."

"Ẹ dìde." Ó ká ìbọ̀sẹ̀ méjì di bọ́ọ̀lù. "Ẹ dúró sẹ́yìn mi." Ó jù ú síwájú. "Èyí, rẹfirí á fọn fèrè." Ó ju òmíràn sí mi láìwẹ̀yìn, ó bà mí nímú. "Èyí ló dáa. Ẹ̀yìn nìkan ni a lè jù ú sí. Ìbúra kan ni, pé ẹnì kan á wà lẹ́yìn ẹni."

Mo dì í mú, ìbọ̀sẹ̀ tó ń rùn yẹn. Ẹ̀rín gbá mi nínú, mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sínú ọpọ́n omi, aṣọ mi rin. Èmi, alágbàfọ̀, ni mo fi ọwọ́ ara mi fọ ìṣẹ́gun kúrò lára ọmọ mi! Ọ̀tá ló súre fún un, ìyá àgbà ló ṣépè fún un. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Mo rántí báńdéèjì inú ìdì yẹn.

Mo ní kó lọ sùn. Mo tú jẹ́sì méjèèjìlá sínú omi tó mọ́, mo fọ̀ wọ́n nínú omi méje, títí fóòmù fi dẹ́kun àti máa wo ẹnu ọ̀nà. Mo gbé òkúta kúrò lórí agolo. Mo yọ báńdéèjì, mo jó o, eérú rẹ̀ ké bí ọmọ ológbò. Ìyókù, eegun adìẹ àti ohun gbígbẹ tí mi ò ní dárúkọ, mo dì í padà. Mo fi abẹ́rẹ́ tèmi rán an mọ́ ìṣẹ́tí nọ́ḿbà kọkànlá. Kókó òwú wà lápá ọ̀tún.

Ilẹ̀kùn dún. Aránṣọ ni.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá."

"O káàbọ̀."

Ojú rẹ̀ ò kúrò lára jẹ́sì. "Mo rí i pé ìṣẹ́tí nọ́ḿbà kọkànlá ti ń tú. Mo ní kí n wá tún un rán."

"Mo ti rán an."

Omi ń kán nínú ọpọ́n. Alángbá dúró lára ògiri.

"Ṣé… ọwọ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ fi rán an?"

"Ọwọ́ mi ni. Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ni mo rán padà, àfi ohun tó jẹ́ ti ọmọ mi."

A wo ara wa. Ogún ọdún jókòó sáàárín wa, kò sì ráyè. Aránṣọ mí kanlẹ̀, bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. Lẹ́yìn náà omi lé sí i lójú. Mi ò mọ ìdí ìmí náà nígbà yẹn, mi ò sì mọ ìdí omijé. Ó yí padà, ó lọ.

*

Sọ́ńdè, mo wé ìborùn mọ́ ìbàdí. Mo lajú.

Mi ò rí ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi! Wọ́n tò bí ìka ọwọ́, ẹnì kan níwájú, èkejì lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀, ẹ̀kẹta lẹ́yìn tèkejì, bọ́ọ̀lù sì ń padà sẹ́yìn láti ọwọ́ dé ọwọ́, bẹ́ẹ̀ gbogbo wọn ń lọ síwájú. Wọn ò wẹ̀yìn. Wọ́n kàn ń jù ú, ọwọ́ sì ń wà níbẹ̀. Rẹfirí ò rí iṣẹ́ ṣe. Eré àkọ́kọ́, wọ́n jẹ ẹ́ tán bí iyán. Ó di àṣekágbá: àwa àti ìlú òdìkejì odò. Ẹfúùfù àti Òkúta.

Aránṣọ wá jókòó tì mí, kò gbààyè. Mi ò lé e.

Ìdajì ìṣẹ́jú ló kù. Wọ́n fi àmì mẹ́rin ṣíwájú wa. Ẹni tó bá gbé bọ́ọ̀lù lélẹ̀ kọjá ìlà ló ń gba márùn-ún. Bọ́ọ̀lù dọ́wọ́ Ẹfúùfù ní etí pápá. Ó fẹ́ lọ bí orúkọ rẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni níwájú rẹ̀ mọ́ àfi Òkúta, tó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ bí ilẹ̀kùn tí atẹ́gùn ń tì.

"Má wo orúnkún," mo sọ, bí ẹni pé ó lè gbọ́.

Òkúta bẹ́ mọ́ ọn. Èmi àti Aránṣọ la jọ rí i: ọwọ́ Òkúta ń lọ sí orúnkún tí gbogbo ayé mọ̀ pé ó ti já rí, orúnkún tí ìyá Òkúta fi ránṣẹ́ sọ́dọ̀ Bàbá Onígò. Ọwọ́ náà gòkè. Itan ló dì mú. Ó fi orúnkún sílẹ̀.

Ẹfúùfù ń ṣubú lọ. Kí ojú rẹ̀ tó kan koríko, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣí lẹ́yìn rẹ̀ láìwo ibì kankan, bọ́ọ̀lù fò sẹ́yìn lórí èjìká rẹ̀, ó bọ́ sí àyà èyí tó kéré jù nínú wọn, tí wọ́n ń pè ní Èèrà. Èèrà ò tíì mọ̀ pé bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ òun tó fi kọjá ìlà; ó gbé e lélẹ̀.

Fèrè ìkẹyìn dún.

"Ẹ̀yìn ni," Aránṣọ ń sọ ọ́ sínú ọwọ́ rẹ̀, ó ń sunkún. "Ẹ̀yìn ni, ẹ̀yìn ni."

Ọ̀gá àwọn tó ń ṣa èèyàn ka orúkọ tán, ó ku àyè kan. "Nọ́ḿbà kọkànlá," ló wí. "Ẹni tó mọ ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ láìwẹ̀yìn." Òkúta ló kọ́kọ́ gbé Ẹfúùfù sókè. Ọmọ ju ìyá lọ lọ́jọ́ yẹn; ọmọ tèmi náà sì ju èmi lọ, ẹ jẹ́ ká sòótọ́.

*

Àárọ̀ ọjọ́ tí bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ agbègbè wá gbé e, Ẹfúùfù dì mọ́ mi títí ìdí mi fi dún. "Ẹ má sunkún o, Màmá Àgbà."

"Ta ní ń sunkún? Ọṣẹ ló wọ̀ mí lójú."

Mo tú ìṣẹ́tí nọ́ḿbà kọkànlá kí n tó kó jẹ́sì náà fún un. Òwú mi wà níbẹ̀, kókó wà lápá ọ̀tún. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Bọ́ọ̀sì lọ tán, Aránṣọ wọlé. Orí ìkúnlẹ̀ ló ti jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: àtẹ̀gùn, ìgò, ìtìjú, báńdéèjì. Ó kù díẹ̀ kó má sọ ohun tí Bàbá Onígò sọ kẹ́yìn. Ó sọ ọ́.

"Ọwọ́ tó rán an gbẹ̀yìn?" mo bi í.

Ó mi orí.

"Ìdí nìyẹn tí o fi mí kanlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn."

"Ẹ dárí jì mí, Màmá. Mi ò lè sọ ọ́. Ẹ̀rù ń bà mí."

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Èmi tí mo ti ń padà sẹ́yìn láti àádọ́ta ọdún! Eyín ti lọ, ojú ń lọ, kí ló kù tí ẹ̀yìn fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi? Dìde, jàre. Iwájú ni ti ọmọ náà. Èmi ní ẹ̀yìn, mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀."

Mo gbé ọpọ́n omi ìfọṣọ, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo dà á síta. Ẹ̀yìn aṣọ mi ló rin. Mo tún rẹ́rìn-ín, mo rọra rìn wọlé padà lórí fóòmù tó tàn sórí sìmẹ́ǹtì.

Aránṣọ ò rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ ló ń wò. Mo tẹ̀lé ojú rẹ̀.

Láti ẹnu ọ̀nà dé ibi tí mo dúró, ipa ẹsẹ̀ mi tò lórí fóòmù náà, ó mọ́ gaara, ìka márùn-ún, ìka márùn-ún. Gbogbo wọn kọjú síta.